Méjì Tí O Kọ Sínú Ojúlé Ìsàlẹ̀

Àkọ́bí mi obìnrin,

Mo kí ọ. Mo kí ọ nítorí pé ẹni tó bá kọ lẹ́tà láìkí èèyàn kò ní ẹ̀kọ́ ilé, kì í ṣe nítorí pé inú mi dùn sí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ilé tí o ń gbé, tí o ní wọ́n to àwọn èèyàn lé ara wọn lórí níbẹ̀ bí agolo, ṣé kò tíì wó? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó wó lù ọ́, pàápàá jù lọ kí n tó rí ọ lójúkojú kí n sọ ohun tó wà níkùn mi. O ò ní ṣàìsàn. O ò ní rìn sáàárín ìṣòro. Ọwọ́ rẹ tí o fi ń kọ nọ́ńbà ò ní rọ, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run fi ojú kún un fún ọ, nítorí ohun tí ọwọ́ yẹn ṣe sí mi lóṣù tó kọjá, ẹni tó kórìíra mi ò ṣe irú rẹ̀ sí mi rí.

A wà nílé. Ewúrẹ́ abilà ti bí méjì. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò, mo gbé garawa sí i. Ìyá rẹ wà, àmọ́ orí ìjókòó ló wà látàárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà lórí tìmùtìmù, ó wú bíi búrẹ́dì tó mumi. Èmi náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ni mo fá, irùngbọ̀n kún èkejì, mo sì ń bá a rìn láàárín ìgboro bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ń wò mí. Ẹsẹ̀ yẹn àti irùngbọ̀n yìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni méjèèjì. Jókòó kí o kà á.

Nígbà tí o ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti gbà ọ́ síṣẹ́, mo lọ káàkiri àdúgbò, mo ní ọmọ mi ni yóò máa sọ fún aráyé bí ayé ṣe ń lọ. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ bá mi yọ̀. O mọ̀ ọ́n, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀kan dé ẹ̀wá. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwa méjèèjì ti kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, èmi tí mo sì ń fi ọgbà wáyà ṣíṣe jẹun, tí mo ti ta wáyà yí ilé gbogbo ẹni tó nílẹ̀ níbí ká, mi ò fi òpó kan ṣoṣo sáàárín èmi àti ẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kànga wà, ọ̀dọ̀ mi ni igi tó ní ìbòòji wà. Ìyá rẹ ń pọnmi lọ́hùn-ún, àwọn tó wá gẹrun ń dúró kó kàn wọ́n lábẹ́ igi mi. Kò sẹ́ni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kejì rí.

Awakọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ yín wá gbé ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Sátidé kan, o sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ojú ewé tó kẹ́yìn ni iṣẹ́ rẹ wà. Mo ṣí i. Mi ò rí ìròyìn kankan. Àmì dúdú kéékèèké ló tò lọ rẹrẹ, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ri òpó sílẹ̀ tán tí kò tíì ta wáyà. Àárín òpó mẹ́rin-mẹ́rin dà bí ojúlé kan, wọ́n kọ nọ́ńbà sínú àwọn kan, àwọn mìíràn sì ṣófo. Wọ́n ní kí a fa ìlà láti òpó dé òpó títí yóò fi yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí ìlà náà jẹ́ ẹyọ kan, kí ó má yà, kí ó má gun ara rẹ̀, àti pé nọ́ńbà inú ojúlé kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ iye ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ìlà yóò gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pe onígbàjámọ̀, mo ní wá wò ó, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni ọmọ yìí ń ṣe. Mo ní ọgbà ni ilé iṣẹ́ wọn fẹ́ ṣe, àwòrán ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi yìí.

Ó yé mi kedere. Ẹni tí wọ́n kọ mẹ́ta sínú ojúlé rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ló fẹ́ kí wáyà gbà. Ẹni tí wọ́n kọ òdo sí, olóríkunkun ni, kò fẹ́ kí wáyà kan òun níbì kankan. Àwọn tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, wọ́n ti rìnrìn àjò, wọn ò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ibi tó bá wu ẹni tó ń ṣe ọgbà ni kó gbé e gbà. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ, mo bi í bóyá ilẹ̀ náà le tàbí ó rọ̀, àti ọjọ́ tó yẹ kí n máa bọ̀. Kò fèsì. Ìwọ lo fèsì, o ní eré ni, pé àwọn àgbà tó wọ ṣòkòtò gidi ń fi pẹ́ńsù ṣe é nínú ọkọ̀ bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ta wáyà títí ọwọ́ mi fi le bí awọ kí o lè kàwé, o wá ń pín ọgbà tí kò sí fún àwọn tó ń sùn nínú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ti wà nílé, nǹkan tó bá sì jọ ọgbà, mi ò lè fi í sílẹ̀ láìparí. Bí èmi àti onígbàjámọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo Sátidé ni awakọ̀ ń gbé ẹ̀dà méjì wá, kálukú ń mú tirẹ̀ lọ sílé rẹ̀, tó bá di ọ̀sán a ó pàdé lábẹ́ igi láti fi wé ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú ńlá rò pé ẹ̀yin lẹ gbọ́n. Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é fún ọ, kí o lè mọ irú àwọn tí o ń bá ṣeré.

Ojúlé olóríkunkun la kọ́kọ́ ń lọ, a ó fi àgbélébùú kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé wáyà ò gbọdọ̀ gbabẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta, ìyẹn ẹni tí wọ́n kọ mẹ́ta sí, bá fara kan ẹni òdo, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, nítorí ẹ̀gbẹ́ tó fi kàn án ti kú, mẹ́ta tó kù ni yóò gbà. Bí ẹni mẹ́ta bá wà ní igun bébà, òpó igun yẹn ò ní ju ọ̀nà méjì lọ, wáyà tó bá sì dé ìdí òpó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, ìyẹn ni pé yálà kó gba ọ̀nà méjèèjì tàbí kó má gba ìkankan. Bí kò bá gba ìkankan, ẹ̀gbẹ́ méjì ló kù fún ẹni tó ń bèèrè mẹ́ta, kò sì ní gbà. Nítorí náà méjèèjì ni. Bó bá jẹ́ ẹni ọ̀kan ló wà ní igun, yí ọ̀rọ̀ náà padà, kò ní gba ìkankan, torí bó bá gba méjèèjì ó ti ju tirẹ̀ lọ. Ta ló kọ́ wa? Kò sẹ́ni tó kọ́ wa.

Onígbàjámọ̀ ló rí ti ẹni mẹ́ta méjì tí wọ́n bára wọn ṣe aládùúgbò, mi ò ní gba ògo ẹlòmíràn. Ó ní ògiri tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ ní wáyà. Mo ní kí ló dé? Ó ní bí kò bá ní, kálukú wọn yóò gba ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù, wáyà yóò sì pa dé yí àwọn méjèèjì ká, yóò fi gbogbo ìlú sílẹ̀ síta, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ọgbà kan ni wọ́n ní kí a ṣe. Mo bọ́ fìlà fún un lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo rí ti ewúrẹ́. Bí mi ò bá mọ̀ bóyá ojúlé kan wà nínú ọgbà tàbí ó wà níta, màá ṣe bí ewúrẹ́, màá ti etí bébà máa rìn lọ síbẹ̀, bí mo bá fo wáyà lẹ́ẹ̀kan, inú ni mo wà, bí mo bá fò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ti bọ́ síta padà. Mo máa ń fi pẹ́ńsù kun inú dúdú, màá fi òde sílẹ̀ ní funfun, bí dúdú àti funfun bá ti pàdé, wáyà wà láàárín wọn, kò sí àríyànjiyàn.

Òfin wa kan ṣoṣo ni pé a kì í méfò. Ẹni tó bá ní òun rò pé ibí ni, a ó ní kó lọ jókòó kó tún un wò. Gbogbo ìlà tí a bá fà, a gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí kò fi lè gba ibòmíràn. Fún oṣù mẹ́jọ, Sátidé lórí Sátidé, tèmi àti tirẹ̀ kò yàtọ̀ síra wọn rí, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wa bá ṣàṣìṣe, ẹni náà yóò sì rí i fúnra rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ló ṣe wọ̀ wá lára pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń wà. Ìwọ gan-an lo kọ ọ́ sókè ojú ewé náà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ pé kí n máa fi ṣe é, mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ tó ní òun yóò ràn mí lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ìlà kan yọ fúnra rẹ̀. Mo kí ẹni tó fà á, mo ní ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá a ṣe. Nígbà tí mo parí, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé mo ṣe dáadáa. Ta ló bi í? Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i, òun ni yóò máa yìn mí bí ọ̀gá. Mo fi aṣọ bò ó, mo padà sídìí bébà mi.

Ó wá di Sátidé burúkú yẹn. A tẹ́ bébà méjèèjì sílẹ̀ lábẹ́ igi, gbogbo rẹ̀ bára mu láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi ojúlé kan. O mọ̀ ọ́n. Ojúlé tí o kọ méjì sínú rẹ̀, ní ìlà tó kángun sí ìsàlẹ̀, ìkẹrin láti ọwọ́ ọ̀tún. Wáyà ti dé ìdí òpó rẹ̀ ti òkè lápá òsì, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò ní ìdí òpó rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Onígbàjámọ̀ gba òkè rẹ̀ kọjá, ó wá sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún. Èmi sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì, mo wá gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní mo ti ṣì í. Mo ní òun ló ṣì í. Ó ní kí n sọ ìdí tí kò fi lè gba òkè. Mo ní kí òun sọ ìdí tí kò fi lè gba ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ìdí kankan sọ nínú wa, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí wa, torí ẹni tí kò bá rí ìdí sọ, ó ti méfò nìyẹn.

Mo sọ fún un pé ó méfò. Ó ní òun ò méfò rí láyé òun. Mo ní ẹni tó ń gẹrun ogójì ọdún tí ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn ṣì ń rí gbágungbàgun, kí ló lè ṣe ju kó méfò. Mi ò yẹ kí n sọ ọ́, mo mọ̀. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kò ya òun lẹ́nu, pé láti bí ọdún mẹ́ta ni gbogbo ọgbà tí mo ń ṣe ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé ojú mi ti ń lọ, pé àánú mi ló ń ṣe àwọn èèyàn tí wọn ò fi sọ fún mi. Ó ju bébà tirẹ̀ sílẹ̀ ó sì lọ sílé.

Ọmọ mi, mi ò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo kó òpó jáde. Òpó mẹ́tàlá, wáyà ìlà márùn-ún, láti ojú títì títí dé ẹ̀yìnkùlé, láàárín èmi àti ẹ̀. Mo po sìmẹ́ńtì sí ìdí gbogbo wọn, nǹkan tí mi ò ṣe fún ọgbà ewúrẹ́ rí. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó má baà fì. Onígbàjámọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń pọ́n abẹ, ó ń wò mí. Ìyá rẹ ní kí n fi àyè garawa kan sílẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ń wá àyè garawa, kó gba títì. Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa yìí, ẹsẹ̀ ìyá rẹ ni ìbínú mi ò mọ̀ pé kò lágbára.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi gba títì lọ pọnmi, ó ń yí gbogbo òpópónà àwọn aránṣọ po, ó ń gba iwájú ilé mẹkáníìkì kọjá kó tó dé ìdí kànga tó wà ní ìṣísẹ̀ ogún sí ìdáná rẹ̀. Àwọn tó wá gẹrun ń dúró nínú oòrùn, wọ́n ń na ọwọ́ sórí. Kò sẹ́ni tó bú mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ní ọjọ́ kejìlá, ìyá rẹ tẹ òróró ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé mẹkáníìkì, garawa lọ síbìkan, òun lọ síbìkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ta ló wà nítòsí? Onígbàjámọ̀, ó lọ ra abẹ tuntun. Ó yá bárò mẹkáníìkì, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ tẹ́ inú rẹ̀, ó gbé ìyá rẹ sí i, ó sì tì í wá sílé láti ojú títì, òun tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ó ní kí n gba ìyàwó mi. Kò kí mi. Ó yí bárò padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúpẹ́ fún.

Bí ìyá rẹ ṣe di ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ nìyẹn. O mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ní kí n gbé bébà méjèèjì tó dá ogun sílẹ̀ fún òun. Mo ní kí lo fẹ́ fi ṣe, o ò mọ̀ ọ́n kà. Ó ní òun mọ òǹkà, òun sì ti ń gbọ́ ariwo wa lábẹ́ igi fún oṣù mẹ́jọ, òun mọ òfin wa ju bí mo ṣe rò lọ. Ó gún píìnì sí ìdí gbogbo òpó tó wà lórí bébà tèmi, ó fi òwú yí wọn ká bí mo ṣe fà á. Ó kà á dáadáa. Ó wá fi èékánná gbé òwú kúrò nísàlẹ̀ ojúlé méjì yẹn, ó gbé e gba òkè bí onígbàjámọ̀ ṣe ṣe é. Kò sí píìnì mìíràn tó mì. Òwú náà kò gùn sí i, kò kúrú. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ní kí n fi nọ́ńbà tó bàjẹ́ han òun.

Mo wá a. Mo wo ojúlé méjì yẹn fúnra rẹ̀, ó ṣì jẹ́ méjì. Mo wo ti òkè rẹ̀, ó ṣófo. Mo wo ti ìsàlẹ̀, ó ṣófo. Ti òsì ṣófo, ti ọ̀tún ṣófo. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn sọ̀rọ̀ ni, ìjà ò bá tí sí. Ọ̀nà méjèèjì ló dára. Kò sẹ́ni tó méfò nínú wa, kò sì sẹ́ni tó ṣì í. Ìyá rẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó bi mí bóyá nítorí ìyẹn ni.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ lórí fóònù. O rántí. Mo ṣàlàyé, o sì bú sẹ́rìn-ín. O ní kí n má bínú, pé eré ni, pé mẹ́ta kan ló yẹ kó wà nínú ojúlé òkè yẹn, ó já bọ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, pé bó bá wà níbẹ̀ ni, ọ̀nà tí onígbàjámọ̀ gbà ló tọ̀nà. O ní ẹnikẹ́ni ò rí i. Èmi rí i. O ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, mo gbà ọ́ gbọ́ nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́, mo sì fi í lé ọ̀rẹ́ ogójì ọdún dànù. Mẹ́ta kì í já bọ́. Bí òpó mi kan bá ṣubú, mi ò ní sọ pé ilẹ̀ ló tì í. Ẹni tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ni yóò padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ní n ó fi ọ́ sùn. Obìnrin tó ń bá èèyàn tẹ̀wé ní ojú títì ṣí fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ yín fún mi lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Wọn ò fi àyè ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ojú èèyàn márùn-ún ni wọ́n yà síbẹ̀, róbótó, wọ́n ní kí n mú èyí tó jọ mí. Ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan rọ ẹnu sílẹ̀, ọ̀kan ò ṣe nǹkan kan, méjì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní níbo lẹni tí inú ń bí wà? Ó ní kò sí. Mi ò sunkún, mi ò rọ ẹnu sílẹ̀. Mo mú èyí tó ń rẹ́rìn-ín jù, torí òun ló la ẹnu jù lọ, mo rò pé ó ń pariwo ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fèsì pé inú àwọn dùn pé inú mi dùn. Irú àwọn tí o ń bá ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ó wá ku bí n ó ṣe sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀. Mo mú bébà dání, mo gba títì, mo yí òpópónà àwọn aránṣọ po, mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní òun lóníbàárà. Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo ní èmi ni oníbàárà, kó fá irùngbọ̀n mi. Ó po ọṣẹ, ó fi kùn mí lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀. Ó fá ọ̀tún tán, ó gbé abẹ dé ọ̀fun mi. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún un, torí mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́ níbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Mo ní ọ̀nà méjèèjì dára, pé ìyàwó mi ló fi òwú rí i. Abẹ dúró. Ó bi mí léèrè èwo gan-an ni ọmọ yẹn ní lọ́kàn. Mo lè parọ́, ọmọ mi, ìwọ nìkan lo mọ̀. Mo ní tìrẹ ni.

Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó gba bébà lọ́wọ́ mi, ó jáde lọ fi han ìyàwó rẹ̀, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tó ń gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ní ó ti bùṣe, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Nígbà tó padà dé, ó ní ọgbà tí nọ́ńbà rẹ̀ ò pé, kò sẹ́ni tó lè ní òun borí nínú rẹ̀, pé kí a má kà á mọ́ tiwa. Ó wá ní ọgbà tó wà láàárín wa yẹn kò fì o, pé òun ti fi okùn wọ̀n ọ́n nígbà tí mi ò sí nílé, pé òun ni ọgbà tó gún jù tí mo ṣe láyé mi. Ó ní ó ṣeni láàánú. Lẹ́yìn náà la jókòó, a sì jọ bú ọ títí oòrùn fi yí. Ìbínú tí a jọ bí sí ọ ló tún wa so pọ̀, mi ò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ìyẹn.

A ti fa òpó mẹ́rin tu, garawa lè kọjá. Mẹ́sàn-án ló kù, sìmẹ́ńtì ti di òkúta, àwa sì ti dàgbà. Gbọ́ mi dáadáa. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni o kò ti tẹ ilé yìí. Gbogbo Sátidé ni o ń fi bébà rọ́pò ara rẹ, a sì ń yọ̀ mọ́ bébà bíi pé ó lójú, bíi pé ó lè jókòó bá wa. Ọ̀nà tí awakọ̀ ń gbé bébà gbà wá, ọ̀nà yẹn náà lè gbé èèyàn. Wá fi ọwọ́ ara rẹ fọ́ sìmẹ́ńtì yìí. Onígbàjámọ̀ ní òun ò ní fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì fún mi títí o ó fi dé, kí o lè rí iṣẹ́ rẹ.

Fi owó òróró tí a fi ń wọ́ ẹsẹ̀ ránṣẹ́ fún ìyá rẹ, àti ti gíláàsì ojú, má bi mí fún ta ni. Má fi owó náà sínú fóònù mi o, fóònù yẹn ti kún, ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé kò sáyè mọ́. Fún awakọ̀ ni kí o fún, tàbí kí o mú un dání wá. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n tẹ mẹ́ta yẹn síwájú ìwé ìròyìn, gàdàgbà, kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ló jẹ̀bi.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ìwọlé. Àwọn tí o ń ṣiṣẹ́ fún kò ní rí ẹ̀bi tí ìwọ ò jẹ lára rẹ, èyí tí o jẹ, wọn yóò fi ojú àánú wò ó. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ lé, ilẹ̀ yóò gbà ọ́. O ò ní dàgbà kí o má rẹ́ni bá jà, kí o má sì rẹ́ni bá parí ìjà.

Onígbàjámọ̀ ti dé bí mo ṣe ń kọ eléyìí, ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń wo ọwọ́ mi. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ò kí ọ. Mo ti kọ ọ́. Ó ní kí n tún un kọ kó hàn dáadáa pé òun ò kí ọ rárá, kí n sì bi ọ́ bóyá ikọ́ tó ń ṣe ọ́ lọ́jọ́sí ti lọ, àti bóyá o ń wọ nǹkan tó nípọn bí òtútù bá mú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàbá Ọlọ́gbà.